Concurrent: ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ohun tó ń sọ, àti ohun tí kò sọ

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe pọ̀. Adájọ́ ń lò ó tó bá ń ka iye ọdún ẹ̀wọ̀n fún arúfin. Olùkọ́ ìṣirò ń lò ó fún àwọn ìlà tó pàdé. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í lo ọjọ́ kan láìpè é. Tó bá wá di pé ká sọ ọ́ ní Yorùbá, ọ̀pọ̀ wa a kàn fi "lẹ́ẹ̀kan náà" dí i, a ó sì kọjá. Ó ń dùn mí, nítorí Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó ṣe wẹ́kú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí concurrent ń ṣe. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú èsì mi.

Kí ni concurrent túmọ̀ sí?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń lọ lọ́wọ́ láàárín àkókò kan náà. Kò di dandan kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, kò sì di dandan kí wọ́n jọ parí. Ká ní òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì, ó dá ní aago márùn-ún. Ìjì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta, ó rọlẹ̀ ní aago mẹ́fà. Láti aago mẹ́ta sí márùn-ún, òjò ń rọ̀, ìjì ń jà. Wákàtí méjì yẹn ni concurrent ń tọ́ka sí.

Ó tún ní ìtumọ̀ mẹ́ta tí kò kan àkókò rárá: kí ohun púpọ̀ pàdé ní ojú kan, kí èrò àwọn ènìyàn ṣọ̀kan, àti kí aláṣẹ méjì ní agbára lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá á rí i pé inú igbó kan náà ni gbogbo wọn ti jáde.

Níbo ló ti wá?

Èdè Látìn ni. Con- dúró fún "pa pọ̀", currere sì ni "sáré". Concurrere, nígbà náà, ni kí ẹni púpọ̀ sáré wá sí ojú kan. Àwọn ará Róòmù ń lò ó fún èrò tó ń rọ́ gìrìgìrì lọ síbi kan, wọ́n sì ń lò ó fún ọmọ ogun ìhà méjì tó sáré kọlu ara wọn. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rẹ́ lè sáré pa pọ̀, ọ̀tá náà sì lè sáré pa pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ohun tó sì fà á nìyẹn tí ìtumọ̀ rẹ̀ fi pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ nígbà tó dé inú àwọn èdè mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì gbà á wọlé ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá.

Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Current, ìyẹn omi tàbí iná mànàmáná tó ń ṣàn, "ohun tó ń sáré" ni. Cursor, àmì tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ Látìn fún "sárésáré" ni. Curriculum, tí àwọn olùkọ́ ń lò fún ètò ẹ̀kọ́, eré sísá ni ní ìpilẹ̀, àti pápá tí wọ́n ti ń sá a. Concourse, gbàgede tí èrò ti ń kóra jọ, ìyá kan náà ló bí i pẹ̀lú concurrent.

Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni occur, tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún "ṣẹlẹ̀". Látìn rẹ̀ ni occurrere: kí nǹkan sáré wá pàdé ẹni. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò wo ìṣẹ̀lẹ̀ bí ohun tó jókòó síbì kan. Lójú wọn, ìṣẹ̀lẹ̀ ń sáré bọ̀ wá kò wá lọ́nà.

Báwo ni "sáré pa pọ̀" ṣe wá di "gbà pẹ̀lú"?

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò yẹ kó bẹ̀rù ìbéèrè yìí, nítorí ohun kan náà ni àwa náà ṣe. Kí là ń sọ nígbà tí ìpàdé bá parí tí gbogbo ènìyàn sì gbà? A ní wọ́n *fẹnu kò*. Kò yìí yàtọ̀ sí kò tí a fi ń sọ pé nǹkan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni kò tó wà nínú "mo kò ó lọ́nà", ìyẹn mo pàdé rẹ̀. Ẹnu pàdé ẹnu, ìfẹnukò sì jáde níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni Látìn fi bẹ̀rẹ̀, ẹnu ni àwa fi bẹ̀rẹ̀, ibi kan náà la jọ dé: tí ohun méjì bá pàdé ní ojú kan, wọ́n ti ṣọ̀kan.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí "I concur" lẹ́nu adájọ́, tàbí lẹ́nu dókítà tí wọ́n ní kó wo iṣẹ́ dókítà mìíràn, má ṣe wá "lẹ́ẹ̀kan náà" lọ síbẹ̀. "Ẹnu wa kò" tàbí "èmi náà gbà bẹ́ẹ̀" ló ń sọ.

Nílé ẹjọ́, concurring opinion ní ọgbọ́n kan nínú. Adájọ́ tó kọ ọ́ gbà pẹ̀lú ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ìdájọ́ sí, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni òun gbà dé ibẹ̀, ó sì fẹ́ kí ìdí tirẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ìtumọ̀ àtijọ́ ṣe fara hàn: ọ̀nà yàtọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé kò yàtọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ìtumọ̀ rẹ̀ nínú Faransé yàtọ̀?

Òótọ́ ni, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ atúmọ̀ èdè sí wàhálà. Nínú Faransé òde òní, concurrent ni abánidíje, concurrence sì ni ìdíje. Konkurrenz tí àwọn ará Jámánì ń pè, ìdíje náà ni. Àwọn èdè wọ̀nyẹn di apá kejì ọ̀rọ̀ Látìn náà mú, apá tí àwọn tó ń sáré pa pọ̀ ti ń du ohun kan ṣoṣo. Sárésáré méjì lórí pápá kan jọ ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ni yóò gba ẹ̀bùn.

Kí ló yà á sọ́tọ̀ lára simultaneous, synchronous àti coincidence?

Simultaneous ti inú simul jáde, ọ̀rọ̀ Látìn fún "nígbà kan náà". Ó le ju concurrent lọ, torí pé ìṣẹ́jú kan náà ló sábà máa ń béèrè. Ìbọn méjì tó dún pọ̀ jẹ́ simultaneous. Ẹ̀kọ́ méjì tí ènìyàn ń kà láàárín ọdún kan náà jẹ́ concurrent, bí kò tilẹ̀ ṣí ìwé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà rí.

Synchronous wá láti Gíríìkì: syn, "pẹ̀lú", àti khronos, "àkókò". Ohun tó fi kún un ni pé àwọn nǹkan náà ń tẹ̀lé ìlù kan, bí ẹsẹ̀ àwọn ológun tó ń tò lọ. Ẹnì kan tàbí nǹkan kan ló ń mú wọn dọ́gba.

Coincidence yàtọ̀ pátápátá. Kì í ṣe sísáré ni gbòǹgbò rẹ̀, ṣíṣubú ni: cadere, kí nǹkan já bọ́. Ohun méjì já bọ́ sí ojú kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣètò rẹ̀. Sísáré ní ète nínú, ẹni tó ń sáré mọ ibi tó ń lọ. Ohun tó bá já bọ́ kò mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí. Mo rò pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì nìyí títí di òní.

Ẹ̀yìn wọn ni concomitant ń tọ̀, láti inú comes, "ẹlẹgbẹ́ ìrìnàjò". Òun ni ohun tí kì í yẹ̀ lẹ́yìn ohun mìíràn. Àwọn àgbà ti bá wa túmọ̀ rẹ̀ tipẹ́: bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ wo ni kí a lò ní Yorùbá?

Ó di ọwọ́ ohun tí gbólóhùn náà ń sọ. "Lẹ́ẹ̀kan náà" àti "nígbà kan náà" dára fún simultaneous. Fún ohun méjì tó ń lọ lọ́wọ́ pọ̀, àrà tí gírámà wa ń dá ló dùn jù: "bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀." Ń tó wà níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì ti sọ fún wa pé kò sí èyí tó parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. A ò nílò ọ̀rọ̀ orúkọ kankan mọ́.

*Jọ* náà wà: wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń lọ. Ṣùgbọ́n jọ ní ìbáṣepọ̀ nínú. Ara rẹ̀ la ti yọ àjọ, àjọṣe àti àjọṣepọ̀. Tí mo bá ní àwọn méjì jọ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹni tó gbọ́ mi á rò pé wọ́n mọra, wọ́n sì bára wọn jáde. Tó bá jẹ́ pé kálukú ló dá lọ tí àkókò kàn bọ́ sí ara wọn, mo ti ṣì wọ́n lọ́nà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn.

Fún coincidence, *ṣe kòńgẹ́* ni mo yàn, kò sì sí èyí tó tó o. "Mo ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà": kì í ṣe pé mo lọ wá a, kì í ṣe pé ó ń dúró dè mí, bí mo ṣe ń wọlé ni ó ń jáde. Ojú ẹsẹ̀ ni kòńgẹ́, kì í ṣe ohun tó gba wákàtí. Nítorí náà, ẹni tó bá fi kòńgẹ́ tú ẹ̀wọ̀n concurrent ti sọ ohun tí adájọ́ kò sọ.

Ẹ̀wọ̀n concurrent dà?

Ká ní ilé ẹjọ́ dá ẹnì kan lẹ́bi lórí ẹ̀sùn méjì, ó sì fún un ní ọdún 5 lórí ọ̀kan àti ọdún 3 lórí èkejì. Tí adájọ́ bá ní kí wọ́n lọ concurrently, ọjọ́ kan náà ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọdún 3 parí sínú ọdún 5, ọdún 5 náà ni gbogbo ohun tí yóò lò. Tó bá ní consecutively, ọ̀kan á parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, ó di ọdún 8. Ọdún 3 ìgbésí ayé ènìyàn ló rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nítorí náà ògbufọ̀ tó bá wà ní kóòtù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó yé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yékéyéké. "Ọdún méjèèjì á jọ máa kà pọ̀" kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. "Wọ́n á tẹ̀ léra" ni èkejì.

Nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ńkọ́?

Íńdíà àti Nàìjíríà ní àkójọ ọ̀ràn tí wọ́n ń pè ní concurrent list nínú ìwé òfin wọn. Àwọn ọ̀ràn tí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ lágbára láti ṣòfin lé lórí ni. Tí òfin méjèèjì bá forí gbárí, ti àpapọ̀ ló máa ń borí. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala kẹrin ló sọ bẹ́ẹ̀. Àkókò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Agbára méjì ló pàdé lórí ilẹ̀ kan.

Kí làwọn onímọ̀ ìṣirò ń fi sọ?

Ìlà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó gba ojú kan náà kọjá. Ìlà méjì tí kò bá dọ́gba lọ gbọ́dọ̀ pàdé níbì kan lórí ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyẹn kò yani lẹ́nu. Ti ẹ̀kẹta ló dùn. Ya onígun mẹ́ta èyíkéyìí, fa ìlà láti igun kọ̀ọ̀kan lọ sí àárín gbùngbùn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i: ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pàdé ní ojú kan ṣoṣo, bó ti wù kí onígun náà wọ́ tó. Ní 1678, Giovanni Ceva, ará Ítálì, tẹ òfin tó ń sọ ìgbà tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ máa pàdé jáde. Ọba Zaragoza kan, ní ilẹ̀ Sípéènì òde òní, tó ń jẹ́ al-Mu'taman ti fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ọ̀rúndún kọkànlá, ṣùgbọ́n orúkọ Ceva ló mọ́ ọn lára.

Kí ló dé tí àwọn oníkọ̀ǹpútà fi ń pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Nínú iṣẹ́ yìí, concurrent àti parallel kì í ṣe ohun kan náà. Parallel ni kí iṣẹ́ méjì máa lọ ní tòótọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà méjì. Concurrent ni kí iṣẹ́ méjì ti bẹ̀rẹ̀ tí ìkankan kò sì tíì parí, kódà tó bá jẹ́ ọpọlọ kan ṣoṣo ló ń ṣe wọ́n. Ọpọlọ yẹn á bu díẹ̀ ṣe nínú èyí, á fò sí ìyẹn, á padà. Ó yá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa kò fi lè rí fífò náà. Ní 1961, ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi kọ̀ǹpútà kan hàn tí ó ń dá ju ẹnì kan lọ lóhùn báyìí, tí kálukú sì ń rò pé òun nìkan ló ni ín.

Àǹfààní náà pọ̀, àmọ́ ewu wà nínú rẹ̀. Ká ní iye kan wà níbi ìpamọ́, ó jẹ́ 10, iṣẹ́ méjì sì fẹ́ fi 1 kún un. Èyí àkọ́kọ́ kà á, ó rí 10. Kó tó kọ èsì tirẹ̀ padà, èkejì ti kà á, òun náà rí 10. Àkọ́kọ́ kọ 11. Èkejì náà kọ 11 lé e lórí. A ń retí 12, 11 la bá. Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe nínú àwọn méjèèjì, síbẹ̀ èsì ti bàjẹ́. Race condition ni wọ́n ń pè é, eré sísá náà tún nìyẹn.

Ọ̀ràn ẹ̀mí lèyí lè dà. Láàárín 1985 sí 1987, ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tó ń jẹ́ Therac-25 tú ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà sí aláìsàn 6 lára ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn kan nínú wọn sì kú. Lára ohun tí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí ni irú àṣìṣe yìí gan-an: tí òṣìṣẹ́ bá tètè tún ohun tó tẹ̀ ṣe, apá kan nínú ètò náà kò ní mọ̀ pé àyípadà ti wà. Ní 1965 ni Edsger Dijkstra, ará Netherlands, ti gbé ọ̀nà kan jáde tí iṣẹ́ púpọ̀ fi lè dúró de ara wọn, kó lè jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni yóò máa fọwọ́ kan ohun àjọlò lẹ́ẹ̀kan. Ìmọ̀ náà ti wà nílẹ̀ ní ogún ọdún kí ẹ̀rọ yẹn tó pa ènìyàn.

Tí ohun méjì bá ṣẹlẹ̀ pọ̀, ṣé ọ̀kan ló fa èkejì?

Concurrent kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò sọ tí mo fi sórí àkòrí nìyí. "Wọ́n jọ ń sáré" ló sọ, kò sọ ẹni tó ń lé ẹni.

Mo mọ̀ pé òwe wa kan dà bíi pé ó ta ko èyí: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe ńlá ni, ó sì ní ibi tó ti wúlò, níbi tí ẹ̀rí ti pọ̀ tí oníṣẹ́ ibi sì ń ṣojú ayé. Ṣùgbọ́n mo gbà tọkàntọkàn pé kò yẹ kí a fi í dájọ́. Àkùkọ ń kọ, ilẹ̀ ń mọ́, lójoojúmọ́. Pa àkùkọ náà, ilẹ̀ á ṣì mọ́. Ó lè jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ló fa ti èkejì, ó lè jẹ́ èkejì ló fa àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ ohun kẹta tí a kò rí ló fa méjèèjì, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni.

Kòńgẹ́ sì pọ̀ láyé ju bí ọkàn wa ṣe rò lọ. Kó ènìyàn 23 jọ sínú yàrá kan: ó lé díẹ̀ ní ìdajì ìgbà tí méjì nínú wọn yóò ní ọjọ́ ìbí kan náà. Tí wọ́n bá tó 57, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí ni pé kì í ṣe ẹnì kan là ń fi wé àwọn yòókù, gbogbo ẹni méjì méjì tó wà níbẹ̀ là ń wò, 23 sì ní irú méjì méjì bẹ́ẹ̀ 253 nínú.

John Adams àti Thomas Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí méjèèjì, kú ní ọjọ́ kan náà, 4 Oṣù Keje 1826, tó pé àádọ́ta ọdún géérégé sí ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè wọn kéde òmìnira. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọwọ́ Ọlọ́run ló wà níbẹ̀. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ concurrent fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́rìí fún un.

Synchronicity tí Carl Jung ń sọ ńkọ́?

Jung, dókítà ọpọlọ ará Switzerland, tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1952. Èrò rẹ̀ ni pé ohun méjì lè bọ́ sí àkókò kan náà tí ìkankan kò fa èkejì, síbẹ̀ kí wọ́n ní ìtumọ̀ kan tó so wọ́n pọ̀ fún ẹni tó ń wò wọ́n. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì púpọ̀ kò gbà á, torí kò sí bí a ṣe lè dán an wò. Ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni pé Gíríìkì kan náà tó bí synchronous ló bí i, Jung ló sì fi "ìtumọ̀" kún un.

"Nígbà kan náà", nípa aago ta ni?

Ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù nìyí. Kí ọkọ̀ ojú irin tó gbòde, ìlú kọ̀ọ̀kan ń fi oòrùn tirẹ̀ ṣe ọ̀sán gangan, nítorí náà aago méjìlá ní ìlú kan kì í ṣe aago méjìlá ní ìlú kejì. Ní 18 Oṣù Kọkànlá 1883, àwọn ilé iṣẹ́ ojú irin ní Amẹ́ríkà àti Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í lo aago àjọlò. Ní 1884, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Washington yan Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí ojú tí a ó ti máa ka ìlà òòró ayé (longitude).

Ṣùgbọ́n ní 1905, Albert Einstein fi hàn pé aago àjọlò pàápàá kò lè parí ọ̀rọ̀ náà. Àpẹẹrẹ tó lò lẹ́yìn ìgbà náà ni ti àrá méjì tó sán sí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré. Ẹni tó dúró nílẹ̀ ní agbedeméjì rí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó ní nígbà kan náà ni wọ́n sán. Ẹni tó jókòó sí àárín ọkọ̀ ń sáré lọ pàdé ìmọ́lẹ̀ iwájú, ó sì ń sá fún ti ẹ̀yìn, ti iwájú ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí pé eré ìmọ́lẹ̀ kì í yí padà fún ẹnikẹ́ni, òun náà á ní ti iwájú ló ṣáájú. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn, kò sì sí ẹ̀kẹta tó lè dá wọn lẹ́jọ́ pé aago ọ̀kan ló tọ̀nà.